Ẹ Sọ Ọ́ Kí N Rí I

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, páànù orí yàrá kọ̀ǹpútà sì ń pariwo débi pé mo ní láti máa ké bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin kọ̀, wọn ò tàn. Mo ní kí àwọn ọmọ jókòó ní méjìméjì, kí ẹnì kan máa tẹ kóòdù, kí ẹnì kejì máa ṣọ́ àṣìṣe rẹ̀.

Ọdún kejì ni wọ́n wà. Wọ́n ti ṣe ìṣirò títí orí fi fọ́ wọn lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ ohun tí ìṣirò ń wí rí. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ wa ní sáà yìí ni ká kó nọ́ńbà jọ, ká fi kóòdù sọ ọ́ di àwòrán, kí ẹni tí kò mọ ìṣirò rárá lè wò ó kó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń dúró ní ọ̀pá ọ̀pá. Mo ní, "Àwòrán ọlọ́pàá ni kí ẹ máa pè é."

Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Mà, ṣé wọn ò ní mú wa tá a bá yà á lódì?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a dáhùn: Aláròyé. Orúkọ náà yẹ ẹ́.

Mo tún fi orúnkún gbá igun tábìlì nígbà tí mò ń jáde. Ẹsẹ̀ òsì, ojú ibi tó wú lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an. Bàbá ọmọ mi ní mo ti ń rìn bí ẹni tó ń bá ògiri jà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò sí iná. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ́ wọn ní àròpín: a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a pín in lọ́gbọọgba. Aláròyé ní bí bàbá òun ṣe ń pín ẹran kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí kò dáa. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó lápá òsì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Olóhùn-jẹ́jẹ́. Mo bi kíláàsì ní ìbéèrè, mo wá ẹni tó máa dáhùn tì, mo wá pe àwọn mẹ́ta lápá ọ̀tún tí wọn ò nawọ́ rárá. Lẹ́yìn kíláàsì ni Aláròyé tọ̀ mí wá. Kò ṣàwàdà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yẹn ṣe fún yín?"

"Ọmọ wo?"

"Olóhùn-jẹ́jẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń nawọ́, ẹ kì í pè é. Lónìí ó tiẹ̀ dìde dúró. Ẹ wò ó, ẹ gbójú kúrò. Ó wà níta tó ń sunkún."

Mo jáde lọ bá a. Mo ní mi ò rí i. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ wò mí, mà." Òótọ́ ló sọ. Mo wo ibẹ̀ dáadáa. Fèrèsé ni mo rí, mo rí ìjókòó, mi ò rí èèyàn kankan níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo fi òsì nìkan wo òpópónà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wòran láti ihò ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré gbé ọwọ́ kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Dókítà ojú ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin kan, kí n tẹjú mọ́ àmì tó wà láàárín, kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí iná kékeré bá ṣẹ́jú. Nígbà míì ó pẹ́ gan-an tí mi ò rí iná kankan, mo sì rò pé ẹ̀rọ náà ti kú.

Ẹ̀rọ náà ò kú.

Wọ́n tẹ èsì jáde lórí bébà. Dókítà fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ta ní ń kọ́ ọ̀bọ ní igi gígùn? Àwòrán ni, iṣẹ́ mi sì ni. Ibi tó funfun ni ojú ṣì ń ríran, ibi tó dúdú ni kò ríran mọ́. Ti ojú òsì, dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Ti ojú ọ̀tún, dúdú ti yí i ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká, funfun wá ṣẹ́kù bíńtín láàárín.

"Ìfúnpá inú ojú yín ló ga, mà. Ó ti ń pa iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí mi ò mọ̀? Kò dùn mí rí."

"Kì í dun èèyàn. Ọpọlọ yín ló ń fi ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dí ibi tó ṣófo, ẹ̀yin á rò pé gbogbo rẹ̀ lẹ rí."

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?"

"Kì í padà, mà. Èyí tó kù la fẹ́ dì mú. Ẹ ó máa kán oògùn, a ó sì ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Ẹ bímọ?"

"Ọ̀kan. Obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ mú un wá. Ó máa ń rìn nínú ẹbí."

Ìyá mi ni mo rántí. Wọ́n fi ọwọ́ wá ọ̀nà láàárín ilé títí wọ́n fi kú, gbogbo wa sì ní ọjọ́ ogbó ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí à ń fi nǹkan pa mọ́ fún. Télọ̀ ni, ó máa ń rí òwú tó já lára aṣọ ẹni tó wà lódìkejì títì. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní pálọ̀.

"Kí ni dókítà wí?"

"Kò sí nǹkan."

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ìyàwó mi, ọjọ́ wa ti pẹ́. Kí ni dókítà wí?"

Mo sọ ọ́. Ó ní, "Wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, ó máa tán." Mo ní kò ní tán, dídá ni wọ́n fẹ́ dá a dúró. Ó ní, "Ó máa dúró nígbà yẹn." Ó gbẹ́sẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ, ó ń wà á lọ, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ ló ń rán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Àwọn ọmọ ti kó nọ́ńbà tiwọn jọ: bí ilé kálukú ṣe jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́, àti bó ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà láràárọ̀. Àwọn méjì ò kọ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ro àròpín, ó kọ̀ fún wọn, ó ní òun ò mọ̀.

Inú bí Aláròyé. "Mà, èèyàn méjì péré! Ṣé torí èèyàn méjì ló ṣe máa ní òun ò mọ gbogbo wa?"

Mo ní, "Olóòótọ́ ni. Ohun tí kò bá rí, kò ní sọ pé òun rí i."

Mo kọjú sí pátákó torí omi tó fẹ́ jáde lójú mi. Irin lásán mọ̀ pé ibì kan ṣófo, ó sì sọ ọ́. Orí tèmi ti ń parọ́ fún mi láti ìgbà wo?

Mo kọ́ wọn ní kóòdù tí wọ́n máa fi sọ fún un pé kó fo ibi tó ṣófo, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún wọn: kí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ìdí tó fi ṣófo.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa. Àbúrò ló jẹ́ sí mi lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo mú un mọ ilé ẹ̀kọ́ yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ń pè mí ní Àǹtí títí dòní. Ó gbọ́ mi tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká gbé kíláàsì yẹn fún ẹlòmíràn. Ẹ lọ sinmi."

"Mo fẹ́ parí sáà yìí."

"Àwòrán lẹ ń kọ́ wọn, Àǹtí. Àwòrán."

Kò fi ìkanra sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ló jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa fi fèsì. Nígbà tó yá ó ní kí n máa bá a lọ títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn ìyẹn a ó jọ rí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún àwọn ọmọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn láti ilé, ó tú ká mọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣáà ní, "Ojú mi ń lọ. Apá òsì ti lọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, tí mi ò bá dá a lóhùn, kó pè mí." Mo kọjú síbi tí mo mọ̀ pé Olóhùn-jẹ́jẹ́ wà. "Ọmọ mi, má bínú."

Mo wá ṣòfin kan fún wọn. Ẹni tó bá ya àwòrán kò gbọdọ̀ tíì gbé e sára ògiri. Kó kọ́kọ́ fi ẹnu yà á fún wa. Tá a bá ti rí i lọ́kàn, ká wá wò ó. Aláròyé ló kọ́kọ́ dìde.

"Mà, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó wá lọ sókè. Ó wá sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá... ó ṣáà ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ."

"Kí ló ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ?"

"Ìlà náà, mà."

"Ìlà kí ni?"

Ó wo àwòrán ara rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá rẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn wọ́n, àwọn náà ò mọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlà tó sùn sílẹ̀ ń wọ̀n, kí wọ́n sọ ohun tí ìlà tó ń gòkè ń wọ̀n, kí wọ́n tó sọ bí ó ṣe rí. Mi ò mọ̀ pé láti gbogbo ọdún yìí wá, àwòrán tí àwọn ọmọ fúnra wọn ò rí ni mo ti ń fún ní máàkì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà

Oògùn ojú ń ta mí bí ata. Ó tún ti wọ́n sí i, ẹni tó ń tà á ní ká máa dúpẹ́ pé a rí i rà. Òjò láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A mú ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ń dápàárá fún bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà pé tí wọ́n bá fún òun ní awò, kí wọ́n ra èyí tó máa jẹ́ kí òun jọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun náà gbé àgbọ̀n lé irin yẹn. Mo jókòó, mò ń gbọ́ bọ́tìnnì náà, ko, ko, ko, mo sì ń gbàdúrà pé kó má dákẹ́.

Àwòrán tirẹ̀ funfun. Ó funfun látòkè délẹ̀. Mo ti ń mí kanlẹ̀ kí dókítà tó ní, "Ṣùgbọ́n ìfúnpá rẹ̀ ti ga." Ó ní a tètè mọ̀. Ó ní tó bá ń kán oògùn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, tí kò fo ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe kó má pàdánù nǹkan kan.

Ọmọ náà ò ṣàwàdà mọ́. Nígbà tí a dé ìta, ó ní, "Mọ́mì, ṣé bí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Mo ní, "Rárá. Èmi ò lẹ́ni tó tètè bá mi mọ̀ ọ́n."

Mo ti fún un ní imú mi, mo fún un ní ẹsẹ̀ mi gígùn. Mo tún wá fún un ní èyí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Inú mi dùn lónìí, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kan Olóhùn-jẹ́jẹ́ láti fi ẹnu ya àwòrán tirẹ̀. Gbogbo yàrá ní láti dákẹ́ ká tó lè gbọ́ ọ.

"Ohun tó sùn sílẹ̀ ni bí ilé wa ṣe jìnnà tó. Ohun tó ń gòkè ni àkókò tí à ń lò lọ́nà. Àmì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan nínú wa ni. Ẹ ṣe bí ẹni pé orí òkè lẹ dúró sí, ẹ ń wo èrò nísàlẹ̀. Wọn ò tò ní ìlà kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀wọ́ kan ń rọra gòkè: bí ilé wọn ṣe ń jìnnà sí i ni wọ́n ń pẹ́ sí i. Ọ̀wọ́ kejì, ilé wọn ò jìnnà, síbẹ̀ wọ́n wà lókè fíofío. Mo wádìí wọn. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni. Àmì tó ga jù, èmi ni."

Mo rí i. Mo rí gbogbo rẹ̀, ọ̀wọ́ méjèèjì, àti àmì kan tó dá dúró lókè. Nígbà tí wọ́n wá gbé e sára ògiri, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ojú mi rí nínú rẹ̀.

Aláròyé ní, "Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń bọ̀ látọjọ́ yìí? Tó ò sì sọ fún èèyàn?" Olóhùn-jẹ́jẹ́ ní, "Ta ló bi mí?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Mo ní kí ọmọ mi jókòó níwájú mi, lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Gbogbo ojú rẹ̀ ò gba inú ìran mi lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń wò ó, bí ọmọdé tó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìpéǹpéjú. Imú mi yẹn. Àpá kékeré tó gbà nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

"Mọ́mì, ẹ ti wò mí pẹ́ o."

"Jókòó."

Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé o ò ní wo èmi ni?"

Mo ní ojú tirẹ̀ ti sú mi, mo ti mọ̀ ọ́n sórí. A rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀, mo sì wo òun náà. Ewú ti gba irùngbọ̀n rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ya sínú ojú náà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ ìgbà tí fèrèsé ṣí, mo mọ ìgbà tí wọ́n pa á dé, kò ju ìyẹn lọ. Dókítà ní kí n má tíì sọ̀rètí nù. Mo bi í pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá rí báyìí, mélòó ló ń padà ríran. Ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní, "Dókítà, ohun tí mò ń kọ́ni nìyí. Ẹ sọ nọ́ńbà náà."

Ó sọ ọ́. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje

Ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Lónìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn hàn. Ẹlòmíràn ló ti ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ tí mo ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí n wá. Bàbá ọmọ mi ló mú mi lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n dìde, mo gbọ́ bí àga ṣe ń ró. Ọ̀gá ẹ̀ka náà wà níbẹ̀, ó jókòó tì mí.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde fi ẹnu ya tiwọn. Kò sẹ́ni tó wí pé "ó ṣe wọ́gọwọ̀gọ." Aláròyé ló kẹ́yìn. Òjò sáà yìí ló wọ̀n, ọ̀pá kan fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Ọ̀pá àkọ́kọ́ ga díẹ̀, mà, òjò ọjọ́ tí ẹ ń ké mọ́ wa ni. Wọ́n wá ń tẹ̀ lé ara wọn, òmíràn kúrú, òmíràn gùn. Ọ̀kan wà láàárín tó ga ju gbogbo wọn lọ, bí ẹni tó dìde dúró láàárín àwọn tó jókòó. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà nílé ìwòsàn ni, mà."

Mo dúró kó fi àwàdà kan parí rẹ̀. Ó lọ jókòó. Mo gbọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka ń fun imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá ẹ̀ka wá sílé wa. Kíláàsì àwòrán ti di ti ẹlòmíràn. Tí sáà bá wọlé, èmi á máa kọ́ àwọn ọdún kìíní ní ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì fún mi ní ẹni tó máa máa kọ̀wé sójú pátákó fún mi.

"Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ́, Àǹtí."

"Mo mọ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó sọ fún ẹni tó máa gba kíláàsì náà pé ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ohùn rẹ̀ kéré, kó máa sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò ò rọ̀. Kí ọmọ mi tó máa lọ síléèwé, mo ní èmi ni mo máa kán oògùn sí i lójú. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ ló ń kán an. Mo ní kó jókòó sílẹ̀, kó gbórí lé mi lórúnkún. Mo fọwọ́ wá iwájú orí rẹ̀, mo wá ìpéǹpéjú rẹ̀, mo rọra fà á sísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo tẹ ìgò náà.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, Mọ́mì. Ẹ ṣé."

Ó ku ohun kan tí mo lè ṣe fún un fúnra mi. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ọmọ wọn ni mò ń kọ ìyókù yìí, wọn ò ní kí n kọ ọ́. Kò wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló bọ́ sí, ó ṣàn dé etí. Mo nù ún, mo wọ yàrá lọ, mo kán òmíràn fúnra mi. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mo ṣì ń kọ. Mo ní kò sí nǹkan, ọjọ́ òní ni.